Bí A Ṣe Ń Dín Búrẹ́dì Àwọn Navajo Nílé

Ebi ló bí búrẹ́dì yìí. Àwọn Navajo, ẹ̀yà onílẹ̀ kan ní Amẹ́ríkà tí wọ́n ń pe ara wọn ní Diné, ń gbé ní Arizona, New Mexico àti Utah, àgbàdo sì ni wọ́n ń jẹ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ní 1863, àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í dáná sun oko wọn. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, wọ́n kó wọn fi ẹsẹ̀ rìn ju 400 kìlómítà lọ sí Bosque Redondo, àgọ́ tí wọ́n há wọn mọ́ ní New Mexico, ọ̀pọ̀ sì kú sójú ọ̀nà. Kòkòrò ba ohun tí wọ́n gbìn níbẹ̀ jẹ́. Àwọn Diné máa ń ròyìn pé ìyẹ̀fun funfun, iyọ̀ àti ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀ tí ìjọba ń pín ni àwọn ìyá wọn fi bọ́ ọmọ. Nígbà tí wọ́n tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn ní 1868 tí wọ́n padà sí ilẹ̀ wọn, búrẹ́dì dídín bá wọn wálé. Ẹ sọ ìtàn yìí fún ẹni tí ẹ bá ń kọ́ ọ.

Fún nǹkan bíi mẹ́jọ, ẹ wá ife ìyẹ̀fun mẹ́ta, ṣíbí ìjẹun bákìn páúdà kan, ṣíbí tíì iyọ̀ kan, àti omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ tó ju ife kan lọ díẹ̀. Ìyẹ̀fun Blue Bird, tí wọ́n ń lọ̀ ní Cortez ní Colorado, ni ọ̀pọ̀ ilé Diné fẹ́ràn, ṣùgbọ́n ìyẹ̀fun tí ẹ fi ń ṣe puff-puff náà ṣe é ṣe. Ẹ má fi ìwúkàrà sí i.

Ẹ po àwọn ohun gbígbẹ pọ̀, ẹ máa bu omi sí i díẹ̀díẹ̀, ẹ sì fi ọwọ́ kó o jọ. Ibí gan-an ni ọ̀pọ̀ ti ń bà á jẹ́: wọ́n á máa tẹ̀ ẹ́, wọ́n á máa lù ú, búrẹ́dì á wá le bí awọ. Gbàrà tó bá ti di odindi tí kò lẹ̀ mọ́ ọwọ́ mọ́, ẹ fi í sílẹ̀. Ẹ fi aṣọ mímọ́ bò ó fún 20 sí 30 ìṣẹ́jú. Bí kò bá sinmi, kò ní gbà kí ẹ nà án. Á máa sún kì ni.

Ẹ bù ú ní ìṣù kéékèèké. Ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì gbá a, láti ọwọ́ kan bọ́ sí èkejì, títí yóò fi fẹ̀ tó àwo kékeré. Ẹ lu ihò sáàárín kí àárín lè jinná.

Òróró kò gbọdọ̀ kún páànù ju ìdajì lọ. Ẹ ju ìyẹ̀fun pípò díẹ̀ sí i: bó bá léfòó lójú ẹsẹ̀ tó ń hó, ó ti tó. Bí òróró kò bá gbóná tó, búrẹ́dì á mu ún yó. Bó bá gbóná jù, ẹ̀yìn á jó, inú á wà ní tútù. Ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀ jẹ́jẹ́, kí ó kọjú sí ọ̀nà tí ẹ kò sí. Ìṣẹ́jú kan sí méjì fún ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan ti tó. Bí òróró bá gbiná, ẹ pa iná sítóòfù, ẹ fi ìdérí bò ó. Ẹ má da omi sí i láéláé.

Oyin tàbí ọbẹ̀ ẹran àgùntàn ni wọ́n ń fi jẹ ẹ́. Àwọn mìíràn á kó ẹ̀wà, ẹran lílọ̀, tòmátì àti wàràkàṣì lé e. Àtọ̀gbẹ ń da ọ̀pọ̀ Diné láàmú, àwọn kan nínú wọn kò sì fẹ́ kí a máa pe búrẹ́dì yìí ní oúnjẹ ìbílẹ̀ àwọn. Mo gbà pẹ̀lú wọn pé kì í ṣe oúnjẹ ojoojúmọ́. Ẹ fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ àlejò àti ọjọ́ ayẹyẹ. Gbígbóná ni kí ẹ jẹ ẹ́. Èyí tó bá ṣẹ́kù, ẹ gbé e kaná lórí páànù gbígbẹ lọ́jọ́ kejì, láìtún dín in.