Ẹja Mọ Ẹsẹ̀ Ẹni Tó Ń Fún Un Lóúnjẹ
Ìwé ìtọ́sọ́nà fún olùsìn ẹja àti onílé tó ní adágún

Ẹni tó bá ti sin ẹja fún oṣù kan péré á ti rí i. Ọwọ́ ò tíì kan ìdérí garawa tí ojú omi fi ń hó. Àwọn àrọ̀ ti rọ́ wá sí igun kan, wọ́n ń gun ara wọn lẹ́yìn, wọ́n lanu sókè, irùngbọ̀n wọn ń jù. Bí ẹ bá yí lọ sí igun kejì, díẹ̀ ni yóò tẹ̀ lé yín. Ìyókù á dúró síbi tí oúnjẹ ti máa ń bọ́. Àlejò á ní, "Ebi mà ń pa àwọn ẹja yìí o!" Ebi nìkan kọ́. Wọ́n ti so ìró ẹsẹ̀, òjìji àti àkókò mọ́ oúnjẹ ni.

Ohun tí ẹja fi ń mọ̀ pé èèyàn ń bọ̀

Ojú nìkan kọ́ ni ẹja ń lò. Ìlà kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara rẹ̀, láti ẹ̀yìn orí títí dé ìdí ìrù, tó ń mọ̀ ọ́n lára bí omi bá mì. Ẹsẹ̀ balẹ̀ ní bèbè, ilẹ̀ gbọ̀n, omi gbà á, ẹja ti mọ̀. Ti àrọ̀ tún ju bẹ́ẹ̀ lọ: àwọn eegun kéékèèké kan so àpò afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ mọ́ etí rẹ̀, àpò náà á gba ìró bí awọ ìlù, àwọn eegun á gbé e dé etí. Ẹja kápù àti gólídìfíìṣì ní irú eegun yìí pẹ̀lú. Èpìyà ò ní in, ojú ló ń lò jù, nítorí náà ìrísí yín àti bí ọwọ́ yín ṣe ń lọ sókè ni yóò kọ́kọ́ mọ̀. Láti inú omi, gbogbo ohun tó wà lókè máa ń ká jọ sínú ojú ihò róbótó kan lókè orí ẹja. Ẹni tó dúró gangan ní bèbè ni ẹja ń tètè rí. Ẹni tó lóṣòó sẹ́yìn díẹ̀, ó lè má rí i rárá.

Ní 1923, Karl von Frisch, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ọmọ Austria, kọ̀wé nípa ẹja abirùngbọ̀n kan tí ojú rẹ̀ ti fọ́. Kó tó fún un lóúnjẹ, á kọ́kọ́ súfèé. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, súfèé nìkan ti tó: ẹja náà á jáde kúrò nínú ihò tó fi ṣe ilé, á máa wá oúnjẹ tí kò tíì dé. Lásìkò yẹn, àwọn ọ̀mọ̀wé kan ṣì ń jiyàn pé ẹja ò gbọ́ràn. Nítorí náà, ẹ fi ti àwọn tó ń sọ pé ìrántí ẹja kò ju ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta lọ sílẹ̀.

Ṣé ẹ̀yin gan-an ni wọ́n wá mọ̀? Wọ́n dán ẹja kan tó ń tu omi lu kòkòrò wò ní 2016, ó sì dá àwòrán ojú èèyàn kan mọ̀ láàárín ọ̀pọ̀. Ṣùgbọ́n nínú adágún tí omi rẹ̀ rú, èmi ò rò pé ojú yín ni wọ́n ń wò. Ẹ dán an wò fúnra yín: ẹ gbé garawa yín fún ẹlòmíràn, kó gba ọ̀nà kan náà lákòókò kan náà. Bí wọ́n bá rọ́ wá bá a, ẹ ti rí ìdáhùn.

Bí ẹ ó ṣe kọ́ wọn

Ẹ yan àmì kan, kó má jẹ́ ohun tó ń dún lójoojúmọ́ láyìíká. Kíkan etí adágún lẹ́ẹ̀mẹ́ta dára. Ìró ẹ̀rọ tó ń fa omi kò dára, nítorí ó ń dún kódà nígbà tí kò sí oúnjẹ. Àmì ló gbọ́dọ̀ ṣáájú, kí oúnjẹ tẹ̀ lé e láàárín ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan. Bí oúnjẹ bá ti wọ omi kí ẹ tó kan án, àmì yẹn ò kọ́ wọn ní nǹkan kan. Ibì kan náà, àkókò kan náà. Ara ẹja ní agogo tirẹ̀. Tí àkókò kò bá yí padà, wọ́n á ti máa kóra jọ kí ẹ tó yọ. Ọmọ ẹja tuntun kì í pẹ́ mọ̀ ọ́n bí àwọn tó ti mọ̀ bá wà níbẹ̀, wọ́n á kàn tẹ̀ lé wọn. Ṣùgbọ́n ẹ rí i pé wọn ò kéré jù, kí àgbà má fi wọ́n ṣe oúnjẹ.

Ẹ má ṣi wíwá wọn kà

Ibí ni ọ̀pọ̀ wa ti ń ṣìṣe. Èmi náà ti ṣe é rí. Mo dé bèbè kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, mo rí àwọn èpìyà mi lójú omi, ẹnu wọn sókè. Mo ní wọ́n ń kí mi káàárọ̀. Mo da oúnjẹ sí i. Kó tó di ọ̀sán, òkú ẹja ni mò ń fi àwọ̀n kó.

Kì í ṣe oúnjẹ ni wọ́n ń wá, afẹ́fẹ́ ni. Kí oòrùn tó yọ ni ọ́síjìn inú omi máa ń kéré jù, nítorí pé lóru, ewéko inú omi kì í mú ọ́síjìn wá, òun náà ń lò ó ni. Ẹja tó wá jẹun máa ń kóra jọ sí igun oúnjẹ, ó máa ń yára, ó sì ń yí sọ́dọ̀ yín bí ẹ ti ń rìn. Èyí tí afẹ́fẹ́ ò tó máa ń tú ká sí gbogbo ojú omi, ó ń lanu ó ń padé, bí ẹ bá tilẹ̀ pàtẹ́wọ́ kò ní yí padà. Irú èyí, ẹ má fún un lóúnjẹ. Ẹ da omi tuntun sí i tàbí kí ẹ tan ẹ̀rọ tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sómi. Àrọ̀ lè mí afẹ́fẹ́ ojú omi, torí náà bó bá yọjú lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan tó sì padà sísàlẹ̀, kò sí wàhálà.

Ọjọ́ tí wọn ò bá wá rárá, ẹ̀yin ni kí ẹ wá wọn. Ẹ yẹ omi wò, ẹ gbóòórùn rẹ̀, ẹ wo ara ẹja bóyá egbò wà. Bí omi bá kàn tutù ju ti àtẹ̀yìnwá ni, ẹ dín oúnjẹ kù.

Ìkìlọ̀ díẹ̀

Ẹja tó mọ èèyàn á máa rọ́ wá ní gbogbo ìgbà tí èèyàn bá kọjá, àwọn ọmọdé á sì máa fẹ́ da nǹkan sí i. Oúnjẹ tí wọn ò jẹ tán ń bàjẹ́ nínú omi, ó sì ń gba ọ́síjìn. Olè àti ẹyẹ apẹja náà kì í kọ ẹja tó ń sáré wá sójú omi.

Ẹ má fi àmì oúnjẹ kó wọn sínú àwọ̀n. Ẹja tó bá bọ́ lọ́wọ́ àwọ̀n lẹ́ẹ̀kan lè máa sá fún igun yẹn fún ọjọ́ púpọ̀. Bí ẹ bá fẹ́ kó wọn lọ síbòmíràn, ẹ dá oúnjẹ dúró fún ọjọ́ kan ṣáájú; wọ́n á ṣì wá bá yín ní igun wọn, ẹ mú ojú kúrò. Bí ẹ bá sì ń fi adágún sílẹ̀ fún ẹlòmíràn láti tọ́jú, ẹ fi ibi tí ẹ ń dúró sí hàn án, ẹ jẹ́ kó gbọ́ bí ẹ ṣe ń kan etí adágún, kí ẹ sì fi garawa àtijọ́ sílẹ̀ fún un.