Bí mo ṣe kọ àṣàrò òwúrọ̀ lórí Àwọn Ọba Kejì 4:1–7

Ojú ìwé kan ni àṣàrò yìí, fún àdúrà ìdílé lówùúrọ̀: Bíbélì kíkà, ẹsẹ àkọ́sórí, àlàyé, kókó àdúrà méjì, àti ohun kan tí ilé máa lọ ṣe. Mo fi àlàyé mọ sí nǹkan bí 400 ọ̀rọ̀. Tó bá ti ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹni tó ń kà á á bẹ̀rẹ̀ sí í sáré, àwọn ọmọ tó ń lọ sílé ìwé á sì ti máa wo aago.

Ìtàn opó kan ni: ọkọ rẹ̀ kú, ó fi gbèsè sílẹ̀, ẹni tí wọ́n jẹ lówó sì fẹ́ mú àwọn ọmọ rẹ̀ méjèèjì ṣe ẹrú. Wòlíì Èlíṣà ní kó yá ìkòkò òfìfo lọ́wọ́ àwọn aládùúgbò, kó sì máa da òróró kékeré tó ní sínú wọn. Ẹsẹ méjèèje ni mo mú, n kò gé ọ̀kankan. Ẹsẹ kẹfà ni ọ̀pọ̀ àṣàrò lórí opó yìí ti máa ń parí, níbi tí gbogbo ìkòkò ti kún. Bẹ́ẹ̀ ẹsẹ keje ni Èlíṣà ti sọ ohun tí òróró náà wà fún. Ẹni tó bá gé e kúrò á kọ àṣàrò nípa ọrọ̀ òjijì, nígbà tí ìtàn náà ń sọ ti gbèsè.

Kí n tó kọ nǹkan kan, mo ka orí kẹrin tán, mo wá ṣí Àwọn Ọba Kìíní 17 sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, torí pé ìtàn opó Sáréfátì ni wọ́n máa ń dà pọ̀ mọ́ èyí jù. Ti Sáréfátì, Èlíjà ni wòlíì rẹ̀, ọmọ kan la gbọ́ pé ó ní, ìyẹ̀fun ẹ̀kúnwọ́ kan àti òróró díẹ̀ ló kù nílé, ìyẹ̀fun àti òróró náà kò sì tán títí òjò fi rọ̀. Ti Èlíṣà, ọmọ méjì, gbèsè lọ́rùn, ìkòkò òróró kan, òróró náà sì dá nígbà tí ìkòkò tán. Àdúrà “òróró rẹ kò ní dá” kò lẹ́sẹ̀ nínú èyí tí mò ń kọ. Ó dá.

Lẹ́yìn náà ni mo fa ìlà sí àárín bébà: ohun tí ẹsẹ kọ̀ọ̀kan sọ lápá òsì, ohun tí a ti ń gbọ́ lórí pẹpẹ lápá ọ̀tún. Ibi iṣẹ́ yìí gan-an nìyẹn, ẹ má fò ó. Apá òsì kò fi Èlíṣà sínú yàrá náà. Obìnrin yìí àtàwọn ọmọ rẹ̀ nìkan ló wà níbẹ̀, ìlẹ̀kùn sì wà ní títì. Wòlíì kò fọwọ́ kan òróró náà. Iye ìkòkò tí wọ́n yá kò sí níbẹ̀, wọ́n kàn sọ pé kó má yá díẹ̀. (Ta ló dá ìkòkò aládùúgbò padà? Kò sí níbẹ̀ náà.) Kò sí orúkọ ọkọ rẹ̀, Josephus, òpìtàn Júù ìgbàanì, kọ ọ́ pé ìyàwó Ọbadáyà, ìríjú ọba Áhábù, ni wọ́n ní obìnrin yìí í ṣe, ṣùgbọ́n mo yọ ọ́ kúrò, torí pé àlàyé kúkúrú kò lè ru ìtàn méjì.

Ẹsẹ kìíní ní ọkùnrin yìí bẹ̀rù Olúwa. Ó kú, ó sì fi gbèsè sílẹ̀. Wọn kò sọ bó ṣe jẹ ẹ́, nítorí náà n kò kọ gbólóhùn kankan tó ń dá a lẹ́bi. Onígbèsè ń bẹ nínú ìdílé tó máa ka ojú ìwé yìí, kò yẹ kí àdúrà òwúrọ̀ tún fi ẹ̀sùn kún gbèsè wọn.

Ti ẹrú tí wọ́n fẹ́ fi àwọn ọmọ náà ṣe, gbólóhùn kan ni mo fún un, pẹ̀lú Nehemáyà 5:5 níbi tí irú rẹ̀ tún ti ṣẹlẹ̀. Mo kọ́kọ́ rò ó pé kí n mẹ́nu kan ìwọ̀fà kí àwọn àgbà lè tètè lóye, ṣùgbọ́n ẹrú ni ẹsẹ náà pè é, ìwọ̀fà kì í sì í ṣe ẹrú.

Ẹsẹ keje ló gba ìdajì àlàyé. Obìnrin náà kò gbé òróró lọ sọ́jà lójú ẹsẹ̀. Ó padà lọ sọ fún ènìyàn Ọlọ́run ná. Èsì wòlíì tò tẹ̀lé ara wọn: tà á, san gbèsè, kí ìwọ àtàwọn ọmọ rẹ máa jẹ ìyókù. Sísan ṣáájú jíjẹ. Ohun tí mo kọ síbẹ̀ rèé:

“Owó tó wọlé fún opó yìí ti ní olówó kí ó tó débẹ̀. Olúwa pèsè tó fún olówó, Ó sì pèsè tó fún ìkòkò ọbẹ̀. Obìnrin náà ló máa gbé e lọ tà.”

Kókó àdúrà gbọ́dọ̀ ti inú ẹsẹ jáde. “Gbogbo ọ̀tá tó ti ìlẹ̀kùn mọ́ mi” kò bá ibí mu rárá, torí pé opó náà fúnra rẹ̀ ló ti ìlẹ̀kùn, wòlíì ló sì ní kó tì í. Méjì tí mo fi síbẹ̀: kí Olúwa fi ohun tó wà nílé hàn wá, kí Ó fún wa lágbára láti san ohun tí a jẹ kí a tó náwó mìíràn. Ohun tí ilé máa ṣe ni kí bàbá àti ìyá kọ àwìn tó wà nílẹ̀ sílẹ̀, kí wọ́n mú èyí tó kéré jù, kí wọ́n dá ọjọ́ tí wọ́n máa san án. Mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé kí wọ́n ṣe èyí lẹ́yìn tí àwọn ọmọ bá ti lọ.

Mo wá kà á sókè. Gbólóhùn tí èémí kò bá gbé dé òpin, mo gé e sí méjì. Mo fi ẹsẹ 8 sí 17 sí ìsàlẹ̀ fún ọjọ́ kejì, ìyẹn obìnrin Ṣúnémù. Ọlọ́lá ni ìyẹn, kò béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ Èlíṣà, nítorí náà bébà tuntun ni mo mú fún un.