Tí Píkọ́ọ̀pù Kò Bá Fà Mọ́: Ìwé Ìtọ́sọ́nà fún Àgbẹ̀ àti Ìdílé Tó Ń Lo Hilux Onípẹtiróòlù

Ẹ tẹná, mọ́tò kò dáhùn. Ẹ ka ení, èjì, ẹ̀ta, kó tó gbéra bí ẹni tí oorun ṣì kùn lójú. Lórí ọ̀nà tó tẹ́jú, inú lásán ló máa bí yín. Ṣùgbọ́n bí ẹrù ẹ̀gẹ́ bá wà lẹ́yìn, tí ẹ ń gun òkè, tàbí tí ẹ ti jáde láti kọjá tírélà, ewu ńlá ni. Ẹ̀gẹ́ tí a ti wú kì í ju ọjọ́ méjì sí mẹ́ta lọ kí inú rẹ̀ tó máa dúdú. Ọjọ́ kan tí mọ́tò fi dùbúlẹ̀, owó àgbẹ̀ ló ń jẹ.

Hilux tí a ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ níbí ni oní-plọ́ọ̀gì mẹ́rin, lítà 2.7, tí ẹńjìnì rẹ̀ ń jẹ́ 2TR-FE, irú èyí tó ti wà lójú pópó láti nǹkan bí ọdún 2005. Kò sí wáyà irin tó ń fa throttle (ẹnu ọ̀nà tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọ ẹńjìnì, tó ní abẹ̀bẹ̀ tó ń ṣí tó sì ń pa dé) níbẹ̀ bíi ti àtijọ́. Sẹ́ńsọ̀ kan lára akisilérétọ̀ ló ń sọ fún ọpọlọ mọ́tò ibi tí ẹsẹ̀ yín dé, ọpọlọ mọ́tò ló sì ń pàṣẹ kí abẹ̀bẹ̀ throttle ṣí. Bí ti yín bá dàgbà jù bẹ́ẹ̀, tí ẹ sì rí wáyà irin lára throttle, ẹ pa ẹńjìnì, kí ẹnì kan tẹ akisilérétọ̀ dé ìsàlẹ̀, kí ẹ máa wo abẹ̀bẹ̀ náà. Bí kò bá ṣí tán, wáyà ti dẹ̀ tàbí ó ti há.

Ẹńjìnì nílò afẹ́fẹ́, epo, iná, àti ọ̀nà tí èéfín máa gbà jáde. Ẹ má tíì ra pọ́ǹpù epo, ẹ má sì tíì ra plọ́ọ̀gì. Ẹ bẹ̀rẹ̀ látorí ohun tí kò náni lówó. Ẹ ṣe ẹyọ kan, ẹ wa mọ́tò wò, kẹ́ ẹ tó ṣe òmíràn. Bí ẹ bá ṣe márùn-ún pọ̀ lẹ́ẹ̀kan, ẹ ò ní mọ èyí tó jẹ́ oògùn rẹ̀.

Ṣé ẹńjìnì gan-an ni?

Ẹ kọ́kọ́ wo kápẹ́ẹ̀tì ẹsẹ̀. Kápẹ́ẹ̀tì tó nípọn, tó ká sábẹ́ akisilérétọ̀, kì í jẹ́ kó dé ìsàlẹ̀. Ó tún lè mú un mọ́lẹ̀ kó má padà, ìyẹn sì burú ju ìlọ́ra lọ. Ẹ yọ ọ́ kúrò, ẹ wa mọ́tò wò.

Bí ariwo ẹńjìnì bá ń gòkè, tí abẹ́rẹ́ RPM (iye ìyípo ẹńjìnì ní ìṣẹ́jú kan) ń gòkè, ṣùgbọ́n tí mọ́tò kò yára, kílọ́ọ̀ṣì ló ń yọ̀. Ẹ gbé mọ́tò sí ilẹ̀ tó tẹ́jú, níbi tí kò sí ẹnikẹ́ni níwájú. Ẹ fa háńdìbíréèkì dáadáa, ẹ tẹ bíréèkì ẹsẹ̀ mọ́ ọn, ẹ fi í sí gía kẹta, kí ẹ sì rọra tú kílọ́ọ̀ṣì sílẹ̀. Ẹńjìnì gbọ́dọ̀ kú. Bí kò bá kú, tó ń dún lọ, kílọ́ọ̀ṣì ti jẹ tán. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni kẹ́ ẹ ṣe é, nítorí ìdánwò náà fúnra rẹ̀ ń jó kílọ́ọ̀ṣì.

Lẹ́yìn ìrìn kìlómítà mẹ́wàá, ẹ sún ọwọ́ mọ́ ríìmù táyà kọ̀ọ̀kan láì fọwọ́ kàn án. Èyí tó gbóná ju ìyókù lọ, bíréèkì rẹ̀ ló há. Ẹ wo atẹ́gùn táyà pẹ̀lú. Nípa ẹrù, ogún àpò tó wọn 50 kg kọ̀ọ̀kan ti pé tọ́ọ̀nù kan, ọ̀pọ̀ Hilux kò sì gbà ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọgbọ̀n àpò lẹ́yìn rẹ̀ á mú kó lọ́ra, kò sì sí àtúnṣe kankan tó lè yí ìyẹn padà.

Afẹ́fẹ́: ibi tó yẹ kẹ́ ẹ ti pẹ́ jù

Lójú ọ̀nà ilẹ̀ pupa, pàápàá nígbà ọyẹ́, ibí ni àrùn yìí ti sábà máa ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ tú kílíìpù àpótí fíltà, ẹ yọ fíltà, kí ẹ gbé e sókè kọjú sí oòrùn, kí ẹ wò ó láti inú. Bí ìmọ́lẹ̀ bá ń là á kọjá káàkiri, ó ṣì dára. Bí ó bá dúdú bí ogiri, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ fi ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ fọ́kánáísà fẹ́ ẹ, láti inú sí ìta ni, kí ẹnu páìpù sì jìnnà sí i; ẹni tó bá fẹ́ ẹ láti ìta ń gún eruku wọ inú bébà ni. Ẹ má ṣe fi pẹtiróòlù tàbí ọṣẹ fọ ọ́. Bébà tó bá ti rẹ omi á fẹ̀, á sì máa jẹ́ kí iyanrìn kọjá lọ jẹ ẹńjìnì. Lọ́nà oko, ẹ máa wò ó ní gbogbo 5,000 kìlómítà, nígbà tí ẹ bá ń pààrọ̀ ọ́ìlì.

Lẹ́yìn àpótí fíltà, lórí páìpù afẹ́fẹ́, sẹ́ńsọ̀ kan wà tí wọ́n ń pè ní MAF. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti wọn afẹ́fẹ́ tó ń wọlé. Inú rẹ̀ ni wáyà kan wà tó tẹ́ẹ́rẹ́ bí irun orí, tí iná ń mú gbóná. Afẹ́fẹ́ tó ń kọjá ń tù ú, ìtutù yẹn ni ọpọlọ mọ́tò fi ń mọ iye epo tó yẹ kó fún un. Bí eruku bá bò ó, á sọ pé afẹ́fẹ́ kéré, epo tí yóò dé á kéré pẹ̀lú, mọ́tò á sì máa lọ́ra nígbà tí ẹ bá tẹná. Fíltà tí wọ́n da ọ́ìlì sí ń ba á jẹ́ lọ́nà kan náà.

Bí ẹ ṣe máa fọ̀ ọ́ nìyí. Ẹ pa ẹńjìnì, ẹ jẹ́ kó tutù. Ẹ yọ pílọ́ọ̀gì wáyà rẹ̀, ẹ tú síkúrù méjì tó dì í mú, ẹ fà á jáde ní títọ́. Agolo ìfọ́n tí wọ́n kọ MAF cleaner sí lára nìkan ni kẹ́ ẹ lò. Èyí tí wọ́n fi ń fọ kàbúrétọ̀ máa ń fi nǹkan sílẹ̀ lára wáyà náà. Ẹ fọ́n ọn nígbà 10 sí 15 láti ibi tó jìnnà díẹ̀. Ìka, àkísà, búrọ́ọ̀ṣì, òwú, kò sí èyí tó gbọdọ̀ kàn án. Ẹ jẹ́ kó gbẹ fún ìṣẹ́jú 15 kẹ́ ẹ tó dá a padà. Ẹni tó bá ní ẹ̀rọ sikáànù, èyí tó ń ka ohun tí ọpọlọ mọ́tò ń sọ, á rí i pé, bí ẹńjìnì ti gbóná tó sì ń dún jẹ́ẹ́ láì tẹná, MAF máa ń kà nǹkan bíi giráàmù 2 sí 5 ní ìṣẹ́jú àáyá kan.

Throttle fúnra rẹ̀ ń kún fún ẹ̀dú. Èéfín ọ́ìlì tó ń gba híósì padà sẹ́nu ẹńjìnì ló ń lẹ̀ mọ́ etí abẹ̀bẹ̀ náà, títí á fi ṣe òrùka dúdú kan yípo. Abẹ̀bẹ̀ á wá máa lẹ̀ kó tó ṣí. Ohun tí ẹsẹ̀ yín ń gbọ́ bí ìlọ́ra nìyẹn. Ẹ yọ orí bátìrì, apá tó ní àmì (−), kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kàn án. Ìkìlọ̀ yìí ṣe pàtàkì gan-an: bí kọ́kọ́rọ́ bá wà ní ON, mọ́tò kékeré tó ń ṣí abẹ̀bẹ̀ lè pa á dé lójijì kó sì gé ìka. Ẹ tú páìpù afẹ́fẹ́. Ẹ fọ́n omi ìfọthrottle sára àkísà, kì í ṣe sínú ẹńjìnì, kí ẹ fi nu etí rẹ̀ àti inú ihò náà. Búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín tó rọ̀ dára fún igun. Ẹ má fi ipá tì í ṣí, nítorí jíà kékeré inú rẹ̀ lè fọ́. Bí ẹ bá fẹ́ yọ ọ́ kúrò pátápátá, ẹ wò bóyá rọ́bà omi rédíétọ̀ wà lára rẹ̀, kí ẹ sì ra gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun. Nígbà tí ẹ bá dá bátìrì padà, ẹ sítáàtì láì tẹná rárá, kí ẹ jẹ́ kó gbóná. Ó lè máa dún sókè fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Ọpọlọ mọ́tò ló ń kọ́ ipò tuntun, á sì wálẹ̀ sí nǹkan bíi 600 sí 750 RPM.

Híósì tó ti là láàárín MAF àti ẹńjìnì ń gba afẹ́fẹ́ tí a kò wọ̀n wọlé. Ẹ jẹ́ kí ẹńjìnì máa dún, kí ẹ fi ike ìfọ́n wọ́n omi díẹ̀díẹ̀ sára àwọn ìsopọ̀ híósì, kì í ṣe sórí kọ́ìlì tó ń fún plọ́ọ̀gì ní iná. Ibi tí ohùn ẹńjìnì bá ti yí padà, ibẹ̀ ló ti là.

Epo

Àwọn tó ń ra epo nínú jálá, ẹ bu ìdajì lítà sínú ìgò funfun, kí ẹ gbé e kalẹ̀ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, jìnnà sí iná àti ilé ìdáná. Omi á rọ̀ sísàlẹ̀, ẹ ó sì rí ìlà tó pààlà láàárín rẹ̀ àti epo. Ìdọ̀tí á jókòó sí ìsàlẹ̀ pátápátá. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo àbùkù epo ló ń hàn nínú ìgò. Epo tí methanol pọ̀ jù nínú rẹ̀, tó wọ ọjà ní Nàìjíríà ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2022, kò yàtọ̀ lójú sí èyí tó dára. Bí mọ́tò bá yí padà lọ́jọ́ kan náà tí ẹ ra epo, epo ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fura sí.

Pọ́ǹpù wà nínú táńkì, epo tó yí i ká ló sì ń tù ú. Ẹni tó bá ń wà á pẹ̀lú epo ìsàlẹ̀ táńkì nígbà gbogbo ń jó pọ́ǹpù rẹ̀. Mẹkáníìkì tó ní géèjì lè wọn agbára epo: nǹkan bíi 40 psi ló yẹ, kò sì gbọdọ̀ já wálẹ̀ nígbà tí wọ́n bá tẹná. Bí ó bá ń já wálẹ̀, fíltà epo tó wà pẹ̀lú pọ́ǹpù nínú táńkì lè ti dí.

Iná

Ẹ yọ plọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ẹ tò wọ́n bí wọ́n ṣe wà nínú ẹńjìnì. Ẹnu tó pọ́n bí ilẹ̀ gbígbẹ dára. Ẹnu tó dúdú bí ẹ̀dú ń sọ pé epo pọ̀ jù. Èyí tó funfun ń sọ pé epo kéré. Àlàfo ẹnu wọn, 1.0 sí 1.1 mm. Bí ẹyọ kan bá yàtọ̀ sí mẹ́ta yòókù, ẹ pààrọ̀ kọ́ìlì rẹ̀ pẹ̀lú ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀: bí kóòdù tí sikáànù ń fi hàn bá kúrò ní P0302 (plọ́ọ̀gì kejì kò jó dáadáa) tó di P0303 (ẹ̀kẹta), kọ́ìlì ló ti bàjẹ́.

Èéfín

Bí mọ́tò bá ń sítáàtì dáadáa, tó sì ń lágbára díẹ̀ nísàlẹ̀ ṣùgbọ́n tí kò kọjá 3,000 RPM, ẹ fura sí catalytic converter, àpótí tó ń fọ èéfín mọ́ lára páìpù èéfín. Plọ́ọ̀gì tí kò jó dáadáa fún ìgbà pípẹ́ máa ń yọ́ inú rẹ̀. Géèjì ìfàmọ́ra (vacuum gauge) ló ń fi hàn: nígbà tí ẹńjìnì ń dún jẹ́ẹ́ láì tẹná, 17 sí 21 inHg ló yẹ kó kà; bí wọ́n bá mú un lọ sí 2,500 RPM kó dúró níbẹ̀, tí abẹ́rẹ́ sì ń rọra jábọ́, èéfín kò ráyè jáde.

Bí iná ẹńjìnì bá tàn lórí dáṣíbọ́ọ̀dù, ẹ sikáànù kẹ́ ẹ tó ra ohunkóhun. P0101 ń tọ́ka sí MAF. P0171 ń sọ pé afẹ́fẹ́ pọ̀ ju epo lọ: ẹ wo híósì, MAF àti agbára epo. P2135 jẹ́ ti sẹ́ńsọ̀ throttle, P2138 jẹ́ ti akisilérétọ̀. Pẹ̀lú méjèèjì yìí, ọpọlọ mọ́tò lè sé throttle mọ́ kí mọ́tò kàn máa rá. Ẹ wo pílọ́ọ̀gì wáyà wọn ná, bóyá eku ti jẹ ẹ́ tàbí ó ti dípẹtà. Lẹ́yìn àtúnṣe, ẹ pa kóòdù rẹ́, ẹ wà á ní nǹkan bí 50 kìlómítà pẹ̀lú ẹrù díẹ̀ àti òkè kan ó kéré tán, kí ẹ sì tún sikáànù kẹ́ ẹ tó san owó iṣẹ́ tó kù.