Bí a ṣe ń kó owó irin àkọ́kọ́ Mòngólíà ìgbà sósíálíìsì jọ

Kí oṣù Kejìlá ọdún 1925 tó dé, owó àlejò ló kún ọjà Mòngólíà: dọ́là fàdákà Mẹ́síkò, owó Ṣáínà, owó Rọ́ṣíà. Àwọn mìíràn tilẹ̀ ń fi tíì tí wọ́n tẹ̀ le bíi búlọ́ọ̀kù rajà. Ìgbà náà ni ìjọba tuntun gbé tögrög, owó tirẹ̀, jáde, Leningrad ni wọ́n sì ti bá wọn tẹ owó irin rẹ̀. Ọ̀wọ́ yìí ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀.

Ẹyọ mẹ́jọ péré ni. Bàbà ni möngö 1, 2 àti 5. Fàdákà ni 10, 15 àti 20, àmọ́ ìdajì rẹ̀ péré ni fàdákà. Möngö 50 àti tögrög 1 ni fàdákà gidi, ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá. 100 möngö ló ń jẹ́ tögrög kan. Ẹ kọ́kọ́ ra bàbà, torí èèyàn á ṣìnà díẹ̀ kí ojú rẹ̀ tó là.

Ẹ kọ́ bí a ṣe ń ka ọdún. Àkọsílẹ̀ Mòngólíà àtijọ́, tí wọ́n ń kọ láti òkè wá sísàlẹ̀, ló wà lára wọn, nọ́ńbà wọn náà kò jọ tiwa. Ẹ tẹ òǹkà wọn láti 0 dé 9 sórí bébà kan, kí ẹ sì gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ owó náà. Bí ẹ kò bá mọ orí yàtọ̀ sí ìdí, ẹ wá Soyombo, àmì orílẹ̀-èdè Mòngólíà: iná orí rẹ̀ ló ń wà lókè, òòrùn àti òṣùpá sì wà lábẹ́ iná. 1911, tí wọ́n bọ́ kúrò lábẹ́ Ṣáínà, ni wọ́n kà sí ọdún kìíní, nítorí náà ẹ fi 1910 kún ohun tí ẹ bá kà. 15 di 1925. 27 di 1937, nígbà tí fàdákà ti kúrò nínú rẹ̀. 35 di 1945. Lára ti 1945 yìí, lẹ́tà irú ti Rọ́ṣíà lẹ máa rí.

Iṣẹ́ ńlá ni mímọ ayédèrú. Tögrög wọn gíráàmù 20, möngö 50 wọn 10. Èyí tó ti gbó lè dín díẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwọ̀n nìkan kò tó. Mo ra tögrög kan tó wọn 20 géérégé, inú mi dùn, mo ti ń fi han àwọn ará ilé. Wọ́n kàn jẹ́ kó nípọn jù ni. Omi ló tú àṣírí rẹ̀.

Ẹ gbé ife omi sórí ìwọ̀n kékeré tó ń ka ìdá ọgọ́rùn-ún gíráàmù, kí ẹ dá a padà sí òdo. Ẹ fi òwú tẹ́ẹ́rẹ́ so owó náà, kí ẹ rì í bọ omi pátápátá, kó má kan ìsàlẹ̀, kó má kan ẹ̀gbẹ́. Tögrög gidi á mú ìwọ̀n náà ka nǹkan bíi gíráàmù 1.94. Tèmi ka 2.31, torí ó nípọn jù.

Ẹ má fi ọsàn wẹ́wẹ́ fọ̀ ọ́ bí ẹni ń fọ agogo idẹ. Àwọ̀ dúdú ara rẹ̀ wà lára ohun tí olùrà ń sanwó fún. Etí ni kí ẹ máa dì mú. Àpò bébà ni kí ẹ tọ́jú rẹ̀ sí, kì í ṣe rọ́bà rírọ̀ tó ń mú ara bàbà di aláwọ̀ ewé, kí ẹ sì fi pẹ́ńsùlù kọ ọdún, ibi tí ẹ ti rà á àti iye rẹ̀ sí i kí owó náà tó wọlé.

Èyí tó tàn mí jẹ náà ní àpò tirẹ̀. “Ayédèrú, 2.31” ni mo kọ sí i, òun sì ni mo ń kọ́kọ́ rì bọ omi kí n tó wọn èyíkéyìí tí mo bá ṣẹ̀ṣẹ̀ rà.