Ológbò Tí Kò Rí Ìgbẹ́ Yà, Tó sì Ń Sá fún Àpótí Yanrìn Rẹ̀

Ìbéèrè: Ológbò mi mọ ibi tó ń yàgbẹ́ sí tẹ́lẹ̀. Ní báyìí, yóò wọ inú àpótí yanrìn rẹ̀, yóò lóṣòó títí, yóò sì jáde láìṣe nǹkan kan. Tó bá yá, a óò bá ìgbẹ́ gbígbẹ, wẹ́wẹ́ bí ti ewúrẹ́, lórí táìsì balùwẹ̀. Ṣé agídí ni àbí àìsàn?

Ìdáhùn: Ẹ má tíì pè é ní agídí. Ológbò tí ara rẹ̀ dá sábà máa ń yàgbẹ́ lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́. Ìfun ńlá ló ń fa omi kúrò lára ìgbẹ́, nítorí náà, bí ìgbẹ́ bá ṣe pẹ́ níbẹ̀ tó ni yóò ṣe gbẹ tó, títí yíyà rẹ̀ yóò fi di ìrora. Inú àpótí yanrìn ni ìrora yìí ti ń bá ẹranko náà, àpótí ló sì ń dá lẹ́bi. Yóò bẹ̀rẹ̀ sí í sá fún un, yóò máa mú ìgbẹ́ mọ́ra, èyí tó mú mọ́ra yóò sì tún le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹni tó bá nà án, tàbí tó ti imú rẹ̀ bọ ìgbẹ́ náà (àwọn àgbà kan ṣì ń ṣe bẹ́ẹ̀), ìbẹ̀rù ló ń fi kún ìrora. Ìfun ni kí ẹ kọ́kọ́ tọ́jú.

Ìbéèrè: Ẹ̀bà àti ẹja là ń fún un, pẹ̀lú egungun adìẹ nígbà mìíràn. Ṣé oúnjẹ ló fà á?

Ìdáhùn: Ó ṣeé ṣe. Ẹ fi igi fọ́ ìgbẹ́ náà wò: bó bá funfun, tó sì ń rún bí ẹ ṣe fọwọ́ kàn án, egungun ti wà nínú rẹ̀ nìyẹn, ẹ má sì fún un mọ́. Àìmu omi tó, irun tó ń lá mì, àsanrajù, àìsàn kíndìnrín, oríkèé ríro lára arúgbó ológbò, àti ìbàdí tí ọkọ̀ ti gbá rí náà lè fà á, dókítà ẹranko ló sì lè mọ èyí tó jẹ́.

Ìbéèrè: Ṣé mo lè da òróró sí i lẹ́nu?

Ìdáhùn: Rárá o. Òróró tí a fipá dà sí i lẹ́nu lè ṣìnà wọ ẹ̀dọ̀fóró. Oògùn tí àwọn èèyàn ń fà sí ìdí kí wọ́n lè yàgbẹ́ tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé irú èyí tó ní phosphate nínú lè pa ológbò. Dókítà lè kọ lactulose, oògùn olómi tó ń mú ìgbẹ́ rọ̀, fún un, kí ẹ sì lò ó bó ṣe wọ̀n ọ́n. Nílé, ẹ gbé omi tó mọ́ sí ojú méjì mẹ́ta, kí ẹ sì máa fi omi ẹja tí kò ní iyọ̀, ata tàbí àlùbọ́sà po oúnjẹ rẹ̀. Àlùbọ́sà máa ń ba ẹ̀jẹ̀ ológbò jẹ́.

Ìbéèrè: Ìgbà wo ni kí n gbé e lọ síbi ìtọ́jú?

Ìdáhùn: Bí ọjọ́ méjì bá kọjá láìyàgbẹ́, tàbí tó ń bì, tàbí tó kọ oúnjẹ. Bó bá jẹ́ akọ, ẹ wò ó dáadáa bóyá ó ń tọ̀, nítorí pé akọ tó ń lóṣòó tó ń tiraka láìsí ìtọ̀ kankan lè jẹ́ pé ojú ìtọ̀ rẹ̀ ló dí, ìyẹn sì lè pa á láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ilẹ̀ mọ́ bá a nílé.

Ìbéèrè: Inú rẹ̀ ti rọ̀, àmọ́ kò tíì padà sínú àpótí.

Ìdáhùn: Ẹ ra àpótí mìíràn, kí ẹ sì gbé e síbi tí ariwo jẹnẹrétọ̀ kò dé. Kó gùn ju ológbò náà lọ dáadáa, kí ẹnu rẹ̀ má ga, kí ẹ sì máa kó ìgbẹ́ inú rẹ̀ lójoojúmọ́. Ọṣẹ lásán ni kí ẹ fi fọ̀ ọ́, nítorí Izal àti Dettol jẹ́ májèlé fún ológbò. Níwọ̀n bí táìsì ti mọ́ ọn lára báyìí, ẹ fọ́n yanrìn fẹ́ẹ́rẹ́ sínú àpótí náà ná, kí ẹ sì máa fi kún un díẹ̀díẹ̀ bó ṣe ń lò ó.