Ẹ Wọn Ajá Kí Ẹ Tó Fún Un Lóògùn: Ìtọ́sọ́nà fún Àwọn Tó Ń Sin Ajá ní Abẹ́òkúta

Ikú àwọn ajá kan lẹ́yìn tí wọ́n gba oògùn aràn tàbí ti eégbọn ló mú kí a kọ ìwé yìí, nítorí àṣìṣe kan náà là ń bá nídìí rẹ̀: ojú lásán ni àwọn olówó ajá fi ń díwọ̀n ara rẹ̀.

Abẹ́rẹ́ ivermectin, oògùn aràn àti eégbọn, tí a ṣe fún màlúù ló ń ṣọṣẹ́ jù. Mílígíráàmù 10 ló wà nínú mílílítà 1 rẹ̀, màlúù sì ń gba mílílítà 1 fún kílò 50 ara rẹ̀. Ẹni tó bá fa mílílítà 1 kan náà fún ajá oníkílò 10 ti fún un ní ìlọ́po márùn-ún ohun tí màlúù ń gbà fún kílò kọ̀ọ̀kan, kò sì sí oògùn tó ń pa agbára rẹ̀ bó bá ti wọ ara. Àwọn ajá kan tilẹ̀ wà, bíi Collie àti díẹ̀ nínú Alsatian, tí ara wọn kì í gbà á láti ìran wọn wá. Dókítà ẹran ni kó gún un.

Ẹ gun ìwọ̀n fúnra yín, ẹ gbé ajá mọ́ra, ẹ tún gùn ún, kí ẹ sì yọ ti àkọ́kọ́ kúrò: bí ẹ bá jẹ́ kílò 68, tí ẹ̀yin àti ajá jẹ́ 83, kílò 15 ni ajá. Hóró oògùn aràn ajá tó ní praziquantel, pyrantel àti febantel sábà máa ń jẹ́ hóró 1 fún kílò 10, nítorí náà hóró kan àti ààbọ̀ ni tirẹ̀, àmọ́ ohun tó wà lára páálí ni kí ẹ tẹ̀ lé. Ọmọ ajá ń gba oògùn aràn ní ọ̀sẹ̀ 2, 4, 6 àti 8, lẹ́yìn náà lóṣooṣù títí di oṣù 6, kó tó di oṣù mẹ́ta-mẹ́ta. Ẹ tún un wọ̀n nígbà gbogbo. Ẹni tó rówó ra Alsatian, tí kò ráyè gun ìwọ̀n, ọ̀lẹ ni.

Bí eégbọn kò bá tán, ẹ má ṣe tún abẹ́rẹ́ gún. Inú lílà ògiri àti igun ilé ajá ni eégbọn ń yé sí. Ibẹ̀ ni kí ẹ gbá, kí ẹ sì fi omi gbígbóná fọ̀.

Bí ajá bá ń ta gbọ̀ngbọ́n, tó ń gbọ̀n, tí itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀, tàbí tí kò ríran mọ́, ẹ má ṣe da epo pupa sí i lẹ́nu, torí ó lè gba inú ẹ̀dọ̀fóró lọ. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ẹranko tó wà ní Yunifásítì Iṣẹ́ Àgbẹ̀, tàbí ọ̀dọ̀ dókítà ẹran tó bá sún mọ́ yín jù, kí ẹ sì mú ìgò oògùn náà dání, kí ẹ sọ iye tí ẹ fún un àti aago tí ẹ fún un.