Ẹ má mú òǹtẹ̀ inú àpótí lọ o

Ẹ kú ìrìn o, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi. Bí ẹ bá ń wá geocache olóǹtẹ̀ ní Pólándì (àpótí tí wọ́n fi pa mọ́ káwọn èèyàn máa fi GPS wá a, tí òǹtẹ̀ wà nínú rẹ̀), irú èyí tí wọ́n fi clover (ewéko kékeré kan) ewé mẹ́rin àti òdòdó fern (ewéko inú igbó kan) ṣe àkòrí rẹ̀, ẹ mú páàdì íńkì tiyín dání. Ti inú àpótí sábà máa ń gbẹ. Ẹ tẹ òǹtẹ̀ náà sínú ìwé yín, kí ẹ sì dá a padà síbẹ̀. Kì í ṣe ẹ̀bùn! Ẹnì kan mú un lọ rí, ó dùn mí dọ́kàn, torí àwa tá a dé lẹ́yìn ò rí nǹkan kan tẹ̀.

Ìtàn àtijọ́ ibẹ̀ ní fern máa ń tanná lóru Jòhánù Mímọ́, 23 oṣù Kẹfà, àti pé ẹni tó bá rí i ti dolówó. Fern kì í tanná rárá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má hú u.